Àwọn Apẹ̀tùsíjà Inú Ara: Ẹ̀bùn Nobel Ọdún 2025 àti Ọ̀rọ̀ Ibà ní Ofosu

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ Ẹ̀bùn Nobel kéde ní ìlú Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, pé àwọn onímọ̀ mẹ́ta ni yóò jọ gba ẹ̀bùn ti ẹ̀ka ìṣègùn fún ọdún náà: Mary Brunkow àti Fred Ramsdell láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Shimon Sakaguchi láti Japan. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá wọn lọ́lá dá lórí ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun tó ń dáàbò bo ara ènìyàn dojú ìjà kọ ara tí wọ́n ń ṣọ́. Ìròyìn náà kọjá lórí rédíò bí ọ̀pọ̀ ìròyìn òkèèrè ṣe máa ń kọjá. Èmi náà ì bá má kọbi ara sí i, bí kò bá ṣe ti ìbéèrè kan tí wọ́n ti bi mí rí ní Ofosu, tí n kò rí ìdáhùn fún.

Ẹni tó bá ń ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní kò lè ṣàì kọjá ní Ofosu. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè ni ìlú náà wà, ní ìtòsí ààlà Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Ẹdó, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Bìní. Oko kòkó ló yí i ká, igbó ọba sì wà lẹ́yìn oko. Yorùbá àti ọmọ ẹ̀yà mìíràn láti ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà jọ ń gbé ibẹ̀, nínú ìlú àti nínú àwọn àbà tó wà káàkiri oko. Lákòókò òjò, omi a máa dúró nínú kòtò ẹ̀bá títì àti nínú ipa táyà ọkọ̀ tó ń kó kòkó, irú omi tí ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn jù lọ nìyẹn.

A lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fún ìlanilọ́yẹ̀ lórí ibà. Ní ìtòsí ibùdókọ̀, ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, ó ń ta oògùn inú ìgò. Ó ní oògùn òun ń sọ ọmọ ogun ara di ìlọ́po mẹ́wàá, pé ẹni tó bá mu ún ti bọ́ lọ́wọ́ ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà àti làkúrègbé. Ìyá kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ra ìgò kan. Ara ọmọ náà gbóná. Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú wa fọwọ́ kàn án, ó ní, “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí wò ná.” Ìyá náà ní ìgò kejì tí òun yóò fún un nìyẹn láàrin ọjọ́ mẹ́ta, pé òun mọ̀ pé ibà ni, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ọmọ ogun ara rẹ̀ pọ̀ ná. Ó wá kọjú sí mi, bóyá nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù láàrin wa: “Bàbá, ṣé kì í ṣe bí ọmọ ogun bá ṣe pọ̀ tó ni ara ṣe ń le tó ni?”

Mo ní kó gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Ìdáhùn kọ́ nìyẹn, òun náà sì mọ̀.

Oríṣiríṣi ọmọ ogun ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn kan ń gbé ohun àjèjì mì. Àwọn kan ń rọ ohun ìjà tó ń ṣàn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T. Lẹ́tà T yẹn dúró fún thymus, ẹran kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìlanilọ́yẹ̀ lórí kòkòrò HIV ti gbọ́ nípa wọn láìmọ̀, nítorí pé àwọn gan-an ni kòkòrò náà ń pa, tí ara fi ń di ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn.

Ìdánwò ńlá ni wọ́n ń ṣe nínú thymus. Sẹ́ẹ̀lì T tó bá ṣe bí ẹni pé yóò bá ẹran ara fúnra rẹ̀ jà, pípa ni wọ́n ń pa á kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wọ ibẹ̀ ni kì í jáde. Síbẹ̀, àwọn kan a máa yọ́ kọjá, bí ó ti máa ń rí nínú gbogbo ìdánwò. Kí ló wá ń dá àwọn wọ̀nyí dúró tí wọn kò fi ń ba ara jẹ́? Láti ọdún 2020 tí Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ tó mọ olóko yàtọ̀ sí olè ni ẹ̀ṣọ́ tó wúlò. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ̀rún kan bá ya wọ oko lóru, tí kò sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé ẹ dúró, ọmọ ilé ni eléyìí, olóko ni yóò kọ́kọ́ sá.

Sakaguchi gbà pé ẹni tó ń sọ “ẹ dúró” gbọ́dọ̀ wà. Ohun tó tọ́ ọ sọ́nà ni pé bí wọ́n bá yọ thymus eku tí kò ju ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ, ara eku náà kì í kàn ṣe aláìlágbára bí ènìyàn ṣe lè rò; ńṣe ni ọmọ ogun rẹ̀ máa ń dìde sí i. Èyí fi hàn pé àwọn kan ń ti thymus jáde tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìpẹ̀tù. Ní ọdún 1995, ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé òun ti rí wọn: irú sẹ́ẹ̀lì T kan tó jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń dá lọ́wọ́ kọ́. Apẹ̀tùsíjà ni n ó máa pè wọ́n nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Eku náà ló wà nídìí iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà méjèèjì. Ní àwọn ọdún 1940, ní Oak Ridge ní ìpínlẹ̀ Tennessee, àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ohun tí ìtànṣán ń ṣe fún ara rí i pé àwọn akọ eku kan ń wá sáyé pẹ̀lú awọ tó ń họ àti ọlọ inú tó wú, wọn kì í sì í lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Akọ nìkan ló ń ṣe, nítorí pé orí krómósómù X ni àléébù náà wà, ẹyọ kan péré sì ni akọ ní nínú rẹ̀. Ó tó bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Brunkow àti Ramsdell, nílé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Washington, tó pinnu pé àwọn yóò wá àléébù náà rí. Ẹni tó bá ti wá ẹyọ kòkó kan tó bu nínú ilé ìkẹ́rù tó kún dé òrùlé rí yóò mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ nígbà náà. Wọ́n dín ibi tí wọ́n ń wá kù títí ó fi ku ogún jíìnì. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkogún, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá, ni àléébù náà wà. Wọ́n sọ ọ́ ní Foxp3. Ní ọdún 2001, wọ́n fi hàn pé bí jíìnì kan náà bá bàjẹ́ lára ọmọkùnrin, àìsàn líle tí wọ́n ń pè ní IPEX ni í yọrí sí: ọmọ ogun ọmọ náà á máa ba ìfun rẹ̀, awọ rẹ̀ àti ibi tí ara ti ń ṣe ìnsúlínì jẹ́. Ní ọdún 2003, Sakaguchi àti àwọn onímọ̀ mìíràn so ọ̀nà méjèèjì pọ̀: FOXP3 ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì T di apẹ̀tùsíjà.

Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé lọ́jọ́ ìkéde náà, Brunkow rí nọ́ńbà láti Sweden lórí fóònù rẹ̀, ó rò pé ìpè yẹpẹrẹ lásán ni, kò sì gbé e. Ramsdell ní tirẹ̀ wà lórí òkè níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí ará àbà kan ní Ìdànrè tí èyí yóò ṣàjèjì sí.

Kí ni FOXP3 gan-an ń ṣe? Gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹ̀dà jíìnì kan náà, bí ìgbà tí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba bá ní ẹ̀dà gbogbo fáìlì. Ohun tó mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ti awọ ni fáìlì tí wọ́n ṣí àti èyí tí wọ́n pa dé. Ó ti tó bí ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì lè jẹ́rìí sí i pé fáìlì kì í rìn fúnra rẹ̀. Ó lè wà ní rẹ́jísírì títí eruku yóò fi bò ó. Ọjọ́ tí ọ̀gá tó láṣẹ bá kọ̀wé sí i lára ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ipò wọn rí bẹ́ẹ̀. Wọn a lọ jókòó sórí okùn àbùdá tí wọ́n ń pè ní DNA, nítòsí ibi tí jíìnì kan ti bẹ̀rẹ̀, wọn a sì pàṣẹ pé kí wọ́n kà á tàbí kí wọ́n má kà á. Atọ́nà jíìnì ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ni FOXP3. Ó ń ṣí fáìlì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì gbé CTLA-4 sí ara rẹ̀, ìyẹn ìjánu tó fi ń fa ogun sẹ́yìn. Ó sì ń pa fáìlì mìíràn dé, èyí tí sẹ́ẹ̀lì T ì bá fi ṣe IL-2, tó jẹ́ bí oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun. Nítorí pé apẹ̀tùsíjà kì í ṣe oúnjẹ yìí fúnra rẹ̀, ti àwọn tó yí i ká ló ń jẹ, ebi a sì rọ ogun lọ́wọ́. Àwọn atọ́nà mìíràn wà: T-bet ń sọ sẹ́ẹ̀lì T di ajagun tó ń kojú kòkòrò tó sá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, GATA3 sì ń darí àwọn tó ń kojú aràn. Ibi tí ìbéèrè ìyá Ofosu ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn nìyí. Iye ọmọ ogun nìkan kọ́ ló ń mú ara le. Ẹni tó ń darí wọn, àti ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn dúró, ṣe pàtàkì tó iye wọn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan, obìnrin, ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní lupus. Oríkèé rẹ̀ a máa dùn ún, ojú rẹ̀ a máa pọ́n, títí kíndìnrín rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń bá a jà. Ọmọ ogun ara rẹ̀ ni. Oògùn tí dókítà fún un ń dẹwọ́ ogun náà, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀, àfìgbà tí ẹnì kan ta oògùn “agbára ọmọ ogun” fún un, tó ní kó dá ti dókítà dúró. Kò ju oṣù méjì lọ tó fi padà sí ilé ìwòsàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á gba ohun tó ń tà gbọ́. Ìṣirò rẹ̀ ni kò péye. Ìdí kan náà ni ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ kíndìnrín fún, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Nàìjíríà ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ní ọdún 2000, fi gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń dá ọmọ ogun dúró lójoojúmọ́.

Ní ti ibà, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kan lè wà ní Ofosu lónìí tí kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kò sì mọ̀. Yóò jí, yóò lọ sóko, yóò já kòkó. Ara rẹ̀ kò tíì lé kòkòrò náà lọ. Ó ti kọ́ láti dín in kù, ó sì ti kọ́ láti má ṣe da gbogbo ogun síta nítorí rẹ̀. Ara gbígbóná, orí fífọ́ àti òtútù tí à ń pè ní ibà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ariwo ogun tí ara ń jà. Nínú ibà tó le, ogun tó kọjá ààlà wà lára ohun tó ń ṣe aláìsàn léṣe.

Ìfaradà yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn. Ọdún púpọ̀ ni ẹ̀fọn fi ń kọ́ ara ní ẹ̀kọ́ náà, ọmọdé kò sì tíì kọ́ ọ. Ohun ìjà tí ìyá fún un láti inú oyún a máa ṣọ́ ọ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ku òun nìkan. Nílẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí ibà ń pa ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nàìjíríà nìkan sì ló ń ru nǹkan bí ìdá 30 nínú ìdá 100 ikú ibà lágbàáyé. Ìfaradà náà sì máa ń ṣá. Àwọn ọmọ wa tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù a máa wálé fún Kérésìmesì láìlo oògùn ìdènà, wọ́n á ní ibà kò lè mú ọmọ Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Britain, àwọn tó lọ kí ẹbí wọn ní Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà padà wọlé.

Ti aboyún tún yàtọ̀. Oyún kò lè dúró dáadáa láìsí apẹ̀tùsíjà, nítorí pé ìdajì àbùdá ọmọ inú wá láti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀, àjèjì sì ni lójú ọmọ ogun ìyá. Kòkòrò ibà rí àyè tuntun níbẹ̀: a máa lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ, pẹ̀lú ìrísí kan tí ohun ìjà tí ìyá ti ní tẹ́lẹ̀ kò dá mọ̀. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tí ibà kò dà láàmú láti ọdún mẹ́wàá fi lè ṣàìsàn gidi nínú oyún àkọ́kọ́, tàbí kí òun má tilẹ̀ mọ nǹkan kan lára, kí ọmọ sì kéré nígbà ìbí.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú. Ní Burkina Faso, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ouagadougou, àwọn Mossi àti Fúlàní ń gbé ní abúlé tó súnmọ́ra, ẹ̀fọn kan náà sì ń jẹ wọ́n. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn Fúlàní kéré sí ti àwọn aládùúgbò wọn, pé ibà kì í sì í dá wọn dùbúlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àbùdá ẹ̀jẹ̀ AS, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ń dín ibà kù, kọ́ ni ìdí rẹ̀, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Ní ọdún 2008, ìwádìí mìíràn lórí àwọn ènìyàn kan náà dé ìdí apẹ̀tùsíjà: ti àwọn Fúlàní kò pẹ̀tù tó ti àwọn Mossi, jíìnì FOXP3 àti CTLA-4 wọn kò sì ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ogun wọn yára dìde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran ti pọ̀ tó láyìíká wa, n kò fẹ́ kí a fi ti ẹ̀jẹ̀ kún un. Ìwádìí náà kò sọ pé ara ẹnì kan sàn ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó fi hàn pé ìpẹ̀tù ní èrè, ó sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ìpẹ̀tù rẹ̀ lágbára lè máa rìn kiri pẹ̀lú kòkòrò láìṣàìsàn. Ẹni tí ìpẹ̀tù rẹ̀ rọ̀ ń lé kòkòrò dáadáa, ṣùgbọ́n ariwo ogun náà ń pọ̀ lára rẹ̀. Ní Mali, níbi tí wọ́n ti fi Fúlàní wé Dogon, ọlọ inú àwọn Fúlàní ló ń wú jù.

Ohun tí mo rò pé ó kan ìjọba àti ará ìlú jù nínú gbogbo èyí ni àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn. Òun ni ẹ̀fọn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó sì ń gbé kòkòrò láti ibẹ̀ lọ sára ọmọ kékeré tó sùn sí yàrá kejì. Nígbà tí wọ́n bá pín nẹ́ẹ̀tì, àwọn ọkùnrin wa a máa sọ pé ti ìyàwó àti ọmọ ni. Ìfaradà wọn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá tó ń sùn síta nẹ́ẹ̀tì lè máa jẹ́ ilé fún ibà tí yóò pa ọmọ rẹ̀, láìjẹ́ pé orí fọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ìlanilọ́yẹ̀ wa kò tíì tẹnu mọ́ èyí tó, mo sì fi ara mi kún àwọn tó jẹ̀bi.

Ní ti oògùn inú ìgò, kò sí èyí tó mọ fáìlì tó yẹ kó ṣí àti èyí tó yẹ kó pa dé. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ kò sọ pé ó ń wo ibà. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lára páálí, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Lórí tábìlì kan náà tí wọ́n ti ń ta oògùn pé kí ọmọ ogun pọ̀, mo rí prednisolone, tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò láti sanra. Oògùn tó ń de ọmọ ogun lọ́wọ́ ni, dókítà nìkan ló yẹ kó sọ pé kí ènìyàn lò ó.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe ohun mìíràn. Kì í sọ ọmọ ogun di púpọ̀ ní òfo; ó ń fi ojú ọ̀tá kan pàtó hàn wọ́n kí ọ̀tá náà tó dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21, láti Ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa, ẹ̀ẹ̀mẹrin fún ọmọ kan. Nẹ́ẹ̀tì kò tíì kúrò nílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ti aboyún ni SP, oògùn tí wọ́n ń gbé mì lójú nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn láti oṣù kẹrin oyún, kó pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí oṣù kan sì wà láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ẹni tí ara rẹ̀ gbóná ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàrin bí ogún ìṣẹ́jú. Bí àyẹ̀wò bá ní ibà ni, oògùn ACT fún ọjọ́ mẹ́ta, láì fi ẹyọ kan sílẹ̀. Bí kò bá ṣe ibà, tàbí tí ara kò yé gbóná lẹ́yìn oògùn, ẹ má ṣe tún oògùn ibà mìíràn rà. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí aláìsàn bá ṣe tètè débẹ̀ tó ni ìrètí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Mo tún gba Ofosu kọjá ní oṣù Kọkànlá, mo sì wá ìyá náà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ń sáré kiri abẹ́ tábìlì. Ibà ni àyẹ̀wò ọjọ́sí sọ, ó sì lo oògùn rẹ̀ tán. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ apẹ̀tùsíjà fún ìyá rẹ̀ bí mo ti lè ṣe é mọ, ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ náà dà bíi ti ìyáálé tó ń parí ìjà láàrin àwọn ìyàwó ilé. Mo wá bi í bóyá bàbá ọmọ ń sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Ó ní rárá, ó ní ooru ń mú un, àti pé ibà kì í ṣe é. Mo ní kó bá mi pè é.